Bọ́tìnnì Dúdú Mẹ́rin

Má jókòó síbẹ̀ yẹn! Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni àga yẹn ní, ìkẹrin, ìwé ìròyìn la ká jọ tá a fi tì í, bó o bá jókòó lé e tó o sì mí kanlẹ̀ báyìí, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Wá síhìn-ín, sórí àpótí, àpótí kì í purọ́. Má sì bi mí pé kí ló dé tá ò gbé àga náà jù nù, torí ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹni kẹta tó wá wo yàrá yìí bi wá, tí gbogbo ilé fi wò ó bí ẹni tó jalè. A kì í ju nǹkan nù nílé yìí. Òfin ni. Ta ló ṣòfin? Èmi ni. Èmi tí mo jókòó síwájú rẹ yìí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ tán, mo tún fi bíírò tẹ̀ ẹ́ kó má baà parẹ́. Ṣé o ti rí ẹni tó kọ́lé tán tó gbàgbé ilẹ̀kùn, tó sì jẹ́ pé inú ilé náà lòun fúnra rẹ̀ wà? Wò mí dáadáa. Èmi rèé.

Bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí ná. Òwú dúdú ni, sún mọ́ fèrèsé kó o tó lè rí i. Ẹ̀n-hẹ́n. Ẹ̀ẹ̀kan náà lo ki òwú tó fi wọlé, ojú ọ̀dọ́ mà dáa o. Jẹ́ kí ọwọ́ mi máa ṣiṣẹ́ bí ẹnu mi ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn tó kù máa dé tí oòrùn bá ń wọ̀, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ yìí ti parí kí wọ́n tó dé. Iṣẹ́ kí ni? Kóòtù àtijọ́ kan ni mò ń tún ṣe. Fi kóòtù sílẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀.

O ní ilé búrẹ́dì lo ti ń ṣiṣẹ́, àbí? Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lára rẹ kó o tó kanlẹ̀kùn. Búrẹ́dì àná tó o gbé wá yìí, tó o ní wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ tó o sì ní kí wọ́n fún ọ, nǹkan tí ilé yìí ń wá kiri nìyẹn. O bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún ọ. O ò sì tíì wo fóònù rẹ látìgbà tó o ti jókòó. Àbúrò mi, ìwọ ni ìkẹwàá. Ẹni mẹ́sàn-án ló ti jókòó sórí àpótí yẹn láàárín oṣù méje, mẹ́sàn-án gbáko, gbogbo wọn la dá padà. Má tíì dìde! Kì í ṣe pé wọn ò dáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Púpọ̀ nínú wọn ló dáa ju àwa tá à ń yẹ̀ wọ́n wò lọ.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, yàrá kan ṣoṣo ni mo gbé fún ọdún mọ́kànlá, èmi àti maṣíìnì mi. Bí mo bá se ẹ̀wà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jẹ ẹ́, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti kan, n ó dà á nù, n ó máa bá ara mi wí. Ẹni tó wà ní yàrá kejì náà ń da tiẹ̀ nù. Ẹni mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan, ìdáná mẹ́rin, fíríìjì mẹ́rin tó ń kùn bí oyin, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ bí ẹnì kejì bá ṣàìsàn. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń gbélé ayé rèé? Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Mo bá kọ ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìkàwé: À ń wá ẹni mẹ́ta tí èrò wọn bá tiwa mu, tó lè bá wa jẹun nínú ìkòkò kan, tí kì í fi omi ṣòfò, tí kì í ju nǹkan nù. "Tiwa" ni mo kọ síbẹ̀ o. Ta ni "wa"? Èmi nìkan mà ni. Èmi àti maṣíìnì.

Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣirò, kò sí nǹkan tí wọn kì í fi rúlà pín, bó o bá fún wọn ní àlùbọ́sà, wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gé e. Káfíńtà ló tẹ̀lé wọn, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá sọ gbólóhùn márùn-ún lóòjọ́, a jẹ́ pé inú ẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹni kẹrin wa nígbà yẹn ni Akunlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọ̀dà kun ilé onílé kiri. Òun ti lọ, Nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ mo ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Akunlé, torí ó ń fìyà jẹ mí láti ibi tó wà láìgbé ọwọ́ sókè.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ilé yìí. Ilé náà dùn. Káfíńtà fi páànù sí etí òrùlé, òjò ń wọnú àgbá, omi tá a bá fi wẹ̀ la fi ń rin ẹ̀fọ́, èèpo àlùbọ́sà àti èèpo ọ̀dùnkún ń lọ sínú kòtò ajílẹ̀, ajílẹ̀ náà ń padà sídìí àlùbọ́sà. Ẹ̀ẹ̀kan là ń dáná lóòjọ́, ìkòkò kan, àwo mẹ́rin. Bí Nọ́ọ̀sì bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, Tíṣà ni wọ́n máa ń gbé omi gbígbóná wá, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún, tí wọ́n á ní kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kó má sọ̀rọ̀. Ìwé iṣẹ́ ilé wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, Tíṣà ló ń fi rúlà fa ìlà rẹ̀ lóṣooṣù: ta ló máa gbálẹ̀, ta ló máa fọ ìkòkò, ta ló máa yí ajílẹ̀. Rántí pé Tíṣà fẹ́ràn kí wọ́n máa fa ìlà. Jọ̀ọ́, fi sọ́kàn, a máa tó padà síbẹ̀.

Òfin wa jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ohun tá ò bá lò mọ́, a ò gbọdọ̀ jù ú nù, àfi ká wá iṣẹ́ míì fún un. Ìkejì, kò sí ohun tá a máa ṣe láìjẹ́ pé gbogbo ẹnu kò, bí ẹnì kan péré bá kọ̀, ó ti parí. Ìkẹta, ẹni tó bá fẹ́ kúrò, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, gbogbo ilé ló sì gbọ́dọ̀ gba ẹni náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. O ní ìkẹta le? Onílé ló jẹ́ ká ṣe é. Orúkọ mẹ́rin ló wà lórí ìwé tá a fi gba ilé, ó sì ti sọ pé ọjọ́ tó bá di mẹ́ta kí gbogbo wa palẹ̀ mọ́. Nítorí náà bí mo bá kàn gbé báàgì mi lónìí tí mo lọ, Tíṣà máa di ẹni tó ń wá yàrá kiri ní ọjọ́ orí wọn. Ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwọ náà sọ ọ́.

Bá a ṣe ń dìbò nìyí, o máa rí i lónìí. Àlejò máa bá wa jẹun, tó bá lọ tán, a ó gbé agolo bisikíìtì tó wà lórí pẹpẹ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Bọ́tìnnì funfun mẹ́rin ló wà níbẹ̀ àti dúdú mẹ́rin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú funfun kan àti dúdú kan, á kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó kù, á ju ọ̀kan sínú kẹ́tùrù tí ò lọ́wọ́ mọ́. Funfun ni kó máa bọ̀. Dúdú ni rárá. Dúdú kan ṣoṣo ti tó. A kì í béèrè ẹni tó jù ú, a kì í béèrè ìdí, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ta ló ronú ìyẹn náà? O ti ń mọ̀ mí. Àwọn dúdú mẹ́rin yẹn, ara kóòtù ìrìn àjò mi ni mo ti já wọn, mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi kóòtù ṣe, mo ti délé.

Mo ti délé! Gbọ́ ẹnu mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun jẹ́ mọ́kàndínlógún, ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ní àfi kí ọkùnrin náà fẹ́ àwa méjèèjì, ìyẹn kúkú sá lọ. Abẹ́ tábìlì maṣíìnì rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ojú bọ́tìnnì láìya aṣọ, òun ló rán kóòtù tó wà lórí itan mi yìí fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ ilé ọkọ, ó ní kí òtútù má baà sọ fún mi pé mi ò ní ìyá. Ojú rẹ̀ ń lọ. Dókítà ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́, ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń yí iná àtùpà wálẹ̀. Ahọ́n ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́ báyìí. Lóṣù tó kọjá ó gbé ọwọ́ lé ojú iná, ó rò pé òun ti pa á.

Mo ní kó wá gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní rárá, ó ní àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló dé yàrá òun, òun mọ èyí tó fọ́ nínú wọn, òun mọ ibi tí ìkòkò wà, ẹni tójú rẹ̀ ń lọ kì í kó lọ sílé tí kò mọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí òun ò bá lè wá, èmi ni n ó lọ. Ọjọ́ kan náà ni mo sọ fún wọn nídìí oúnjẹ, oṣù méje rèé, mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi kí ojú yẹn tó lọ tán, mo fẹ́ kó ṣì rí ojú mi. Tíṣà ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì dì mọ́ mi. Káfíńtà dìde, ó lọ ń fọ ìkòkò tí kò kàn án.

Ẹ̀n-ẹ́n? O ní kí ló dé tí mi ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda mi kúrò nínú òfin náà? Háà, àbúrò mi. O ti mú mi dé ọ̀rọ̀ Akunlé.

Ìyàwó Akunlé rí iṣẹ́ sí ìlú míì, ó lóyún, ó fẹ́ kí ọkọ òun tẹ̀ lé òun. Akunlé bẹ̀ wá, ó ní kí a jẹ́ kí òun lọ, òun á máa wá ẹni tó máa rọ́pò òun láti ọ̀hún. Tíṣà fẹ́ gbà. Káfíńtà ti gbà. Èmi ni mo dìde dúró, mo na ìka sí ìwé òfin lára ògiri, mo ní bá a bá yọ̀ǹda lẹ́ẹ̀kan, ó ti di àṣà. Oṣù márùn-ún ló fi dúró kí Nọ́ọ̀sì tó dé. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, kò sí níbẹ̀. Fóònù ló fi gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, nínú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ajílẹ̀, mo dúró sí ojú fèrèsé yìí mò ń wò ó. Lọ́jọ́ tó ń lọ, kò bú mi. Ó kun ògiri yàrá mi fún mi, yàrá tó o máa sùn yẹn, ó kùn ún ní funfun tó mọ́ gaara, ó ní kó lè máa tàn fún mi. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ojú wo ni n ó fi sọ pé kí wọ́n yẹ òfin náà fún mi? Ẹnu wo?

Nítorí náà mo wá ènìyàn. Mo wá wọn bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni àkọ́kọ́, awakọ̀ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún gbogbo nǹkan ṣe, ó tún kẹ́kẹ́ Tíṣà ṣe kó tó jẹun. Dúdú kan. Ẹni kejì, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, èèpo ẹyin nìkan ló fi ń gbin nǹkan. Dúdú kan. Ẹni kẹta ni mo ti sọ fún ọ, ti àga. Mo gbà pé ìyẹn tọ́ sí dúdú. Ẹni kẹrin, dúdú. Ẹni karùn-ún, dúdú. Kì í jẹ́ méjì, kì í jẹ́ mẹ́ta, kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ó máa ń dún nínú kẹ́tùrù bí eyín tó yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Mo ní Káfíńtà ni, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń fi bọ́tìnnì sọ̀rọ̀. Mo tún ní rárá, Tíṣà ni, torí wọ́n ní awakọ̀ yẹn ò lè ṣírò ìdá mẹ́ta. Mo tún fura sí Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí mo ń bá rán aṣọ iṣẹ́! Mo jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ, mò ń wo ọwọ́ wọn. Ìkòkò kan là ń jẹ o, inú mi sì ń kan bí ẹ̀wà ọjọ́ kẹta.

Bá mi di etí kóòtù yìí mú, ó ń yọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. O ṣeun.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan sí òní. Ìwé tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí nílé yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, òun ni mo fi ń gé àwòṣe kí n tó gé aṣọ. Mo na ọ̀kan sílẹ̀, mo fẹ́ gé ọwọ́ aṣọ ọmọdé kan, sísọ́ọ̀sì ti wà lórí ẹ̀, mo rí ìlà. Ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó jọ ìwé iṣẹ́ ilé, bẹ́ẹ̀ èmi ò rí irú rẹ̀ rí. Òkè rẹ̀ ni wọ́n kọ "Dúdú" sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀: Àlejò kìíní, Káfíńtà. Ìkejì, Nọ́ọ̀sì. Ìkẹta, Tíṣà. Ìkẹrin, Káfíńtà. Ìkarùn-ún, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń pín in ṣe! Bá a ṣe ń pín ilẹ̀ gbígbá, bá a ṣe ń pín ajílẹ̀ yíyí, ni wọ́n pín kíkọ̀ láàárín ara wọn, kó má baà wúwo jù lórí ẹnì kan. Mo fi abẹ́rẹ́ tí mo fi ń jẹun búra fún ọ, bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, mo gbà, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ì bá ti sun ìwé náà níná. Àmọ́ Tíṣà? Kí wọ́n fi ìwé tó ṣì mọ́ ní ìdajì ṣòfò? Wọ́n ká ẹ̀rí tó máa mú wọn, wọ́n tò ó mọ́ ìyókù dáadáa, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Kí ni mo ṣe fún wọn? Mo ní kí ni mo ṣe fún àwọn ènìyàn yìí? Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé wọn ò fìgbà kan rí kọ awakọ̀, wọn ò kọ obìnrin eléèpo ẹyin. Èmi ni wọn ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n fẹ́ràn mi. Bí wọ́n bá kórìíra mi, mo mọ ohun tí mo máa ṣe, n ó bú wọn, n ó ya ìwé yẹn mọ́ wọn lójú, n ó sì lọ. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe sí ẹni tó fi ìfẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ? Ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà? Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ ọwọ́ mọ́ ògiri kiri nínú yàrá rẹ̀, ẹni mẹ́ta sì jókòó síbí, wọ́n ń bu ọbẹ̀ tó dáa jù sí àwo mi.

O ní ṣé mo bi wọ́n? Rárá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò tíì bi wọ́n. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdí. Jẹ́ n sọ ti àná ná.

Àná, ọ̀sán gangan, oòrùn ti dé àtàrí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé e. Ó ní òun wà dáadáa, ó ní kí n má da ara mi láàmú, ó ní àwọn aládùúgbò ń bá òun pọnmi. À ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó wá rọra bi mí, ohùn tó o fi ń béèrè nǹkan tí ò tó nǹkan, ó ní:

"Àbúrò mi, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín?"

Ọ̀sán gangan o.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ mú kóòtù mi nínú àpótí tó o jókòó lé yẹn.

Jẹ́ n sọ fún ọ ìdí tí mi ò fi lè bi wọ́n, torí oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé, bí mi ò bá sọ ọ́ fún àjèjì, mi ò ní í sọ ọ́ mọ́. Mo ka ìwé yẹn fún ọ, mo dúró ní ìkarùn-ún. Ìkẹfà, Tíṣà. Ìkẹjọ, Káfíńtà. Ìkẹsàn-án, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fa ìlà sílẹ̀ de ìkẹwàá náà, Tíṣà ló kàn, ìwọ nìyẹn. O rí i pé mo fo ọ̀kan.

Ìkeje. Olùtọ́jú ọgbà ni, obìnrin bíi tèmi, ó jọ pé ọjọ́ orí wa jọra. Ó wọlé, ó lọ sí ìdí kòtò ajílẹ̀ kó tó wá kí wa. Ó jókòó sídìí maṣíìnì mi, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní irú èyí ni ìyá òun ní. Ó sọ nǹkan kan, mi ò rántí rẹ̀ mọ́, Káfíńtà sì rẹ́rìn-ín. Káfíńtà! Ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé ó léyín lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Mo wò wọ́n, mo ní n ò ní í tíì dé ìdí ọkọ̀ tí wọ́n á ti gbàgbé pé ẹnì kan wà níbẹ̀ rí. A gbé agolo sọ̀. Mo mú funfun sọ́wọ́ kan, mo mú dúdú sọ́wọ́ kejì, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Kẹ́tùrù dún. Dúdú kan.

Ohun tí Tíṣà kọ sí iwájú ìkeje nínú ìwé yẹn nìyí: "Kò sí. Ká jẹ́ kó lọ." Wọ́n ti gbà! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó, wọ́n ti gbé ìbànújẹ́ tiwọn mì, wọ́n ti ní kí n máa lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Funfun mẹ́ta ni wọ́n jù. Lábẹ́ rẹ̀, bíírò tó yàtọ̀: "Kì í ṣe àwa. Aránṣọ ò fẹ́ lọ. Ká máa bá a ṣe é." Ṣé o gbọ́? Ká máa bá a ṣe é! Wọ́n rò pé mi ò fẹ́ lọ, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́, ni wọ́n bá ń bá mi kọ ìkẹjọ, wọ́n bá mi kọ ìkẹsàn-án, wọ́n fẹ́ bá mi kọ ìwọ náà lónìí. Oṣù kan ààbọ̀ rèé tí olùtọ́jú ọgbà yẹn ti lọ. Oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ṣì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ta ni n ó wá dá lẹ́jọ́? Ta ni n ó na ìka sí?

Má sunkún, jọ̀ọ́. Bí ìwọ bá sunkún, èmi á sunkún, mi ò sì ní í rí ojú abẹ́rẹ́. Ó ku ọ̀kan.

Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé o ṣì fẹ́ yàrá náà? Àga tó ń ṣubú, omi òjò, Tíṣà tó máa bá ọ wọn àlùbọ́sà, àwọn ènìyàn tó máa fẹ́ràn rẹ títí wàá fi fẹ́ sá? Mi ò fẹ́ kó o tijú. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi orí rẹ kí n rí i.

Ó dáa. Ó dáa. O ṣeun, ọmọ ìyá mi.

Ẹ̀n-hẹ́n, mo ti já òwú. Gbé agolo yẹn sọ̀ kalẹ̀, ṣí i. Kí lo rí? Funfun mẹ́rin. Wá dúdú níbẹ̀ kí n rí ọ. Yí i dà sílẹ̀, wá a dáadáa. Wò ó níhìn-ín, wo àyà kóòtù mi: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ibi tí mo ti já wọn náà ni. Òfin ilé wa ni, ohun tá ò bá lò mọ́, ká wá iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ wọn rèé. Bí wọ́n bá ṣí agolo, kí wọ́n ṣí i. Kí wọ́n wo ojú mi. Ẹni tó bá ṣì ń wá dúdú nínú wọn, kó mú sísọ́ọ̀sì, kó wá síbí, kó wá gé e lára mi, lára aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi rán. Àbí kì í ṣe òfin mi? Èmi ni mo ṣe é, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan!

Wo bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà, kóòtù yìí ò tíì gbọ́ ẹ̀rín.

Ṣé o gbọ́? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni. Káfíńtà ni, ó ń gbọn eruku igi kúrò lára. Tíṣà máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Dìde, bá mi di kóòtù yìí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn, ti Káfíńtà. Ìyẹn, ti Nọ́ọ̀sì. Ìyẹn, ti Tíṣà, rọra, àgbà ni wọ́n. Ó wá ku ti òkè pátápátá, ti ọrùn. Ìyẹn ló le jù láti dì. Fà á wá, tì í wọ ojú rẹ̀, má bẹ̀rù, kò ní í ya.

Dì í le, àbúrò mi. Tèmi nìyẹn.